Ta Ni Yorùbá Gidi?

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn nínú ẹgbẹ́ yìí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tí a bí sí Kánò, tàbí tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, bá dìde láti sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé, ẹnì kan yóò ti máa kùn pé kì í ṣe Yorùbá gidi. Mo fẹ́ bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ léèrè: níbo ni ó ti rí orúkọ tí ó fi ń lé ọmọ ẹlòmíràn sẹ́yìn?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Ọ̀yọ́ ni orúkọ náà wà fún. Ẹ̀gbá ń jẹ́ Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú ń jẹ́ Ìjẹ̀bú. Ogun àti òwò ẹrú ló dà wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn 1807, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń gba ẹrú sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì ń kó wọn lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Àwọn ará ibẹ̀ gbọ́ ‘ẹ kú’ lẹ́nu gbogbo wọn, ni wọ́n bá sọ wọ́n ní Akú. Àjèjì fi ìkíni lásán mọ̀ pé ọmọ ìyá ni Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀ṣà! (Káàárọ̀-o-ò-jíire tí a ń pe ara wa kò kúkú jìnnà sí i.)

Àárín wọn ni Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, wà. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó tẹ̀ jáde ní 1843 wà lára ohun tí ó tan orúkọ náà ká. Ní 1854, Koelle, òyìnbó ajíhìnrere, ṣe àròyé pé kò tọ́ láti fi orúkọ ẹ̀yà kan pe gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Àwọn Sàró tó padà wálé sí Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta kó orúkọ náà bọ̀.

Àwọn tí kò padà ńkọ́? Wọ́n fẹ́ ọmọ àwọn tó ti Nova Scotia àti Jàmáíkà wá, wọ́n di Krio. Síbẹ̀, wọ́n ń ṣe kọ́mọjáde, wọ́n ń se àsè àwùjọ fún òkú wọn, ẹgbẹ́ ọdẹ àti ti eégún sì wà ní Freetown títí di òní. Èdè ni kò dúró. Èyí ló dùn mí, kì í ṣe ìgbéyàwó wọn.

Àwa tí bàbá àti ìyá wa jẹ́ Yorùbá, àmúlùmálà ni a ń sọ ní yàrá wa. Ọmọ Kánò yẹn ń wá sí ìpàdé kí ó lè gbọ́ èdè. Kí ẹgbẹ́ ṣètò kíláàsì ìrọ̀lẹ́ fún un, kí a sì jẹ́ kí ó du ipò akọ̀wé bí ó bá wù ú.