Àgbà Tó Wà Lóko

Bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀ mọ́, ẹ wo àgbàdo láti ìsàlẹ̀. Ewé àgbà ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń pọ́n, láti ṣóńṣó wá sí ìdí, nígbà tí ewé òkè ṣì tutù yọ̀yọ̀. Oòrùn nìkan kọ́. Ewé náà ń tú ẹrù ara rẹ̀ ni: ó ń fọ́ purotéènì inú rẹ̀, ó ń fi náítírójìn ibẹ̀ ránṣẹ́ sí ewé ọ̀dọ́ àti ọmọ àgbàdo. Ọ̀dá ló mú un gbó kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, kí ọmọ lè rí nǹkan jẹ. Àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ tuntun wọ́.

Àmọ́ kálísíọ̀mù, èròjà tó ń mú eegun wa le, kò ṣe é jogún bẹ́ẹ̀. Omi ló ń gbé e láti inú ilẹ̀ gòkè, ibi tó bá sì dé ló ń jókòó sí. Kálísíọ̀mù yìí ló ń di ara ewé mú tí kì í fi í tètè ṣá. Lọ́dún 1973, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, B. W. Poovaiah àti A. C. Leopold, gé ewé àgbàdo, wọ́n fi kálísíọ̀mù sí i, ó sì pẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ tó ṣí.

Tòmátì wà lára ohun ọ̀gbìn tó ń jẹ ìyà àìrí kálísíọ̀mù yìí. Ewé ń fa omi ju èso lọ. Bí omi bá wọ́n, ewé ni kálísíọ̀mù ń bá lọ. Ìdí èso á rin, á dúdú, á tẹ́ pẹrẹsẹ, á le bí awọ. Àwọn kan á rò pé kòkòrò ni, wọ́n á fín oògùn. Ẹlòmíràn á da ajílẹ̀ yúríà sí i, ewé á tún gbilẹ̀, ìyà ọmọ á pọ̀ sí i. Ó dùn mí, torí kálísíọ̀mù lè pọ̀ nínú ilẹ̀ oko yẹn; omi tí yóò gbé e ni kò sí.

Àgbà inú òwe kò fi orí tirẹ̀ fún ọmọ. Ó tètè rí i, ó ní kí ìyá rẹ̀ tún un pọ̀n. Lóko, àgbẹ̀ ni àgbà yẹn. Láti ìgbà tí òdòdó tòmátì bá ti ń re ni kó ti máa bomi rin ín déédéé, kì í ṣe kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan kó wá rọ omi lé e lórí lẹ́ẹ̀kan. Kó fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, kí oòrùn má fa omi ilẹ̀ tán. Èyí tó bá ti dúdú kò ní sàn mọ́. Kó já a sọnù, kí igi lè gbájú mọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so.