Ẹ Jẹ́ Kí A Máa Sanwó fún Àyẹ̀wò

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí jẹ mọ́ áńpílífáyà, ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí gbogbo wa ń lò ní ìpàdé, ní ilé ìjọsìn àti ní òde àríyá. Èrò mi ni pé àwa oníbàárà gan-an ni a ń ba iṣẹ́ àwọn tí ń tún un ṣe jẹ́.

Ní ọjọ́ ìpàdé kan, ẹ̀rọ ẹgbẹ́ wa dákẹ́ ní ìlú tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Òkè Ọya. A gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọ ìlú náà kan tí ń tún rédíò ṣe. Ó pààrọ̀ tíránsítọ̀ ńlá méjì tó ti jóná, a sì sanwó. Kò pé wákàtí kan tí wọ́n tún fi jóná. Ó pààrọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n tún jóná. Ni àwọn kan nínú wa bá ń wí pé nítorí a jẹ́ àlejò ni ọkùnrin náà ṣe ń rẹ́ wa jẹ. Díẹ̀ ló kù kí ó di ìjà.

Nígbà tí a gbà láti san owó àyẹ̀wò lọ́tọ̀, ọkùnrin yìí kan náà jókòó ti ẹ̀rọ náà ní odindi ọ̀sán. Ó yọ ọ́ kúrò lára iná, ó sì fa iná tó kù nínú àwọn kàpásítọ̀ ńlá rẹ̀ dànù, nítorí wọ́n lè gbé ènìyàn ṣánlẹ̀ lẹ́yìn tí a ti pa iná. Ó fi ojú àti imú wá ohun tó wú tàbí tó jó. Ó fi mítà yẹ fiúsì, àwọn dáyóòdù àti àwọn tíránsítọ̀ wò. Lẹ́yìn náà ni ó wo òjé ara páńẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì rí i pé èyí tó di ẹsẹ̀ tíránsítọ̀ kékeré kan mú ti sán. Tíránsítọ̀ kékeré yìí ni ó ń díwọ̀n iná tí àwọn ńlá ń gbà. Bí kò bá ti fara kàn dáadáa, àwọn ńlá a gba iná ju agbára wọn lọ, wọn a sì jó. Àwọn tí a ń pààrọ̀ kọ́ ni ó jẹ̀bi!

Ó fi òjé tuntun lẹ̀ ẹ́, ó sì fi tíránsítọ̀ ńlá méjì mìíràn sí i. Síbẹ̀ kò ki ẹ̀rọ bọ iná tààrà. Ó fi gílóòbù àtijọ́ oníwáyà, wáàtì 100, sáàárín ẹ̀rọ àti iná. Bí gílóòbù náà bá mọ́lẹ̀ rokoṣo tí kò sì rẹlẹ̀, àbùkù ṣì wà. Bí ó bá tàn fìrí tí ó sì ṣú, a lè tẹ̀ síwájú. Tiwa tàn fìrí, ó sì ṣú. Ó tún wọn ojú ibi tí sípíkà ń gbé wọlé, kí iná tí kò yẹ má baà jó sípíkà, kí ó tó so ó mọ́ ọn.

Kí ni kò jẹ́ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀? Tíránsítọ̀ tí a lè gbé lé àtẹ́lẹwọ́ ni a máa ń sanwó fún. Ọ̀sán kan tí ènìyàn fi wádìí, a ó ní kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó fẹ́ jẹun yóò máa pààrọ̀ nǹkan ni.

Ẹnìkan lè wí pé owó àyẹ̀wò yóò fàyè gba ẹ̀tàn. Kò ní fàyè gbà á, bí a bá ṣe àdéhùn iye rẹ̀ ṣáájú, tí a sì ní kí oníṣẹ́ fi ojú ibi tó bàjẹ́ hàn wá. Ó sàn ju kí a fi wáyà dípò fiúsì, kí ilé sì jóná.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àwa tí a ń gbé ìlú onílùú, ẹ jẹ́ kí a wádìí ìdí ọ̀rọ̀ kí a tó pe ẹnikẹ́ni ní olè.