Ṣé Torí Ogún Lítà Dísẹ́ẹ̀lì Ni?

Ẹ wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Ìjòkó lọ́jọ́ kan. Ẹ máa gbọ́ fèrè, ilẹ̀ á mì díẹ̀, ọkọ̀ ojú irin tuntun tó ń ti Èkó lọ Ìbàdàn á sì kọjá wàà. Kò ní dúró. Ibùdókọ̀ wà fún un ní Agbádó, òmíràn wà ní Kájọlà. Àwa tá a wà láàárín, ìran la fi ń wò.

Bẹ́ẹ̀, rélùwéè ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ Ìjòkó. Ọdún 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Ọ̀dọ̀ wa ló gbà kọjá. Nígbà tí mo wà ní kékeré, Ìjòkó ni ọkọ̀ tó ń kó òṣìṣẹ́ àti ọlọ́jà lọ sí Ìddó ti ń gbéra. Ìyá mi máa ń wọ̀ ọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń jókòó sórí òrùlé ọkọ̀ (ẹ má dán an wò o, ikú wà níbẹ̀).

Mo ka ìtàn ìlú kan ní Ọsirélíà, Cook lorúkọ ẹ̀. Inú aṣálẹ̀ ló wà, torí rélùwéè nìkan ni wọ́n sì ṣe tẹ̀ ẹ́ dó ní 1917. Ọkọ̀ ojú irin ayé ìgbà yẹn, omi ló ń sè tí ooru omi náà fi ń ti ẹ̀rọ. Omi ọ̀hún kì í pẹ́ tán, torí náà ó gbọ́dọ̀ máa dúró gba òmíràn. Ibi tó bá sì ti ń dúró, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbé ibẹ̀. Cook ní ilé ìwé, ó ní ilé ìwòsàn. Ní 1951, ọkọ̀ tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì dé ojú irin yẹn, ìyẹn ò sì nílò omi bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ta rélùwéè náà fún aládàáni ní 1997, wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ kúrò. Ó wá ku èèyàn mẹ́rin péré.

Ti Cook yé mi. Ta ló fẹ́ sọ̀ nínú aṣálẹ̀? Ìjòkó ńkọ́? Ilé iṣẹ́ kún Sáńgò Ọ̀tà, ayálégbé kún ọ̀dọ̀ wa bí eéṣú. Èèyàn ò kúrò, ọkọ̀ ló fi èèyàn sílẹ̀.

Wọ́n á ní tí ọkọ̀ bá ń dúró níbi gbogbo, á jẹ epo. Òótọ́ ni, físíìsì wà lẹ́yìn wọn. Tí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tó wà nínú ohun tó ń sáré á di ìlọ́po mẹ́rin. Tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, agbára yẹn di ooru, ó lọ nìyẹn. Epo tuntun ni wọ́n máa fi kó òmíràn jọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní ọkọ̀ náà wúwo tó tọ́ọ̀nù 400, tó ń sá 120 kìlómítà ní wákàtí kan. Agbára inú ẹ̀ á tó mílíọ̀nù 222 joule. Lítà dísẹ́ẹ̀lì kan ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 36 joule, àmọ́ bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń dé ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ẹ pín in, ó jẹ́ nǹkan bíi lítà 19. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ogún. Tí igba èèyàn bá wọlé ní Ìjòkó, ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣé ìyẹn náà la ò lè san?

Ìṣẹ́jú mélòó kan á lọ sí i, mo gbà, èrò Ìbàdàn sì lè bínú. Kò burú, ẹ má dá tiwọn dúró. Red Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní October 2024 ti ń dúró káàkiri tẹ́lẹ̀, láti Ọyíngbò títí dé Agbádó. Ẹ fà á dé Ìjòkó. Ojú irin ti wà nílẹ̀, pèpéle àti ibi tí wọ́n á ti máa ta tíkẹ́ẹ̀tì ló kù.

Ìyá mi ò mọ joule. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló ń wọ̀ dé Agbádó báyìí, nínú kòtò àti gegele, kó tó rí ọkọ̀ ojú irin wọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó bi mí pé: "Ṣebí ìwọ lo lọ kàwé ẹ̀, kí ló dé tí wọn ò lè tẹ bíréèkì?"