Oògùn Ọkùnrin Kàn Dókítà

Láti gáréèjì Ọ̀jọ́ta ní Èkó títí dé Ìwó Róòdù ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tí ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó oògùn kò yé tún sọ, tí àwọn àgbà tí ó yẹ kí wọ́n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ sì ń bá wọn gbé kiri òde ìnáwó: pé oògùn tí ń mú nǹkan ọmọkùnrin le, èyí tí ìgboro ń pè ní máànì páwà, kò kàn dókítà rárá, pé ẹni tí agbára rẹ̀ bá ń dínkù kàn lè ra kóró kan ní kẹ́mísì tàbí kí ó mu ale, ìyẹn àgbo tí wọ́n fi egbò àti èèpo igi rẹ sínú ọtí, kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ohun kan ṣoṣo tí ó ṣe é gbà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti ṣe bẹ́ẹ̀ tí wọn kò kú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn náà ni ó ti sáré kọjá títì márosẹ̀ láìwo ọ̀tún wo òsì tí mọ́tò kò sì gbá wọn.

Sildenafil, tí ayé mọ̀ sí Viagra, kì í ṣe oògùn abẹ́ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Pfizer ní ìlú Sandwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń dán an wò fún ìrora àyà tí àìtó ẹ̀jẹ̀ nínú ọkàn ń fà, kí wọ́n tó ṣàkíyèsí iṣẹ́ mìíràn tí ó ń ṣe, tí ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i fún ìṣòro àìle nǹkan ọmọkùnrin ní oṣù kẹta ọdún 1998. Ọ̀rọ̀ ọkàn àti ọ̀rọ̀ abẹ́ ti so pọ̀ láti ilé wá. Nígbà tí ìfẹ́ bá ta ọkùnrin jí, ara rẹ̀ ń tú nitric oxide sílẹ̀, afẹ́fẹ́ kan tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, èyí tí ó ń jẹ́ kí èròjà kan tí wọ́n ń pè ní cGMP pọ̀ sí i. Èròjà yìí ni ó ń dẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè wọlé, ohun tí sildenafil sì ń ṣe ni pé kò jẹ́ kí ara tètè pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹbí oògùn ọkàn kan wà tí wọ́n ń pè ní nitrate, irú èyí tí aláìsàn ń fi sábẹ́ ahọ́n nígbà tí àyà bá ń ro ó, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti mú nitric oxide kan náà pọ̀ nínú ara. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, ọ̀kan ń mú cGMP pọ̀, èkejì kò jẹ́ kí ó tán, iṣan ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara á dẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀ lójijì, ọkàn àti ọpọlọ kò ní rí ẹ̀jẹ̀ tó, ọkùnrin náà sì lè ṣubú kí ó má dìde mọ́. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń ka wákàtí: nitrate kò gbọdọ̀ wọ ara ẹni tí ó lo sildenafil títí wákàtí 24 yóò fi kọjá, wákàtí 48 sì ni ti tadalafil, ìbátan rẹ̀ tí ó máa ń pẹ́ nínú ara.

Ta nínú àwọn olóògùn gáréèjì ni ó ń bi oníbàárà léèrè bóyá oògùn àyà wà nínú àpò rẹ̀? Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kì í béèrè, bẹ́ẹ̀ ni kì í gbọ́ èsì.

Àwọn kan á ní ewé lásán ni àwọn ń mu ní tiwọn. Léraléra ni àjọ tí ń ṣàmójútó oògùn ní Amẹ́ríkà ti bá sildenafil tàbí ìbátan rẹ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé ewé àti egbò nìkan ni ó wà níbẹ̀. Igi wo ní igbó wo ni ó ń so sildenafil? Kì í ṣe gbogbo àgbo ni ó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ń mu ún kò ní ọ̀nà kankan láti dá èyí tí ó rí bẹ́ẹ̀ mọ̀, nítorí náà alárùn ọkàn tí ó sá fún kóró òyìnbó lè gbé ohun tí ó sá fún mì láti inú ìgò, láìmọ orúkọ rẹ̀, láìmọ ìwọ̀n rẹ̀.

Wọ́n ní jẹ̀dí ni ó ń fa àìle. Àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti sìgá ni kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí, àgbo kíkorò kan kò sì lè fọ ìwọ̀nyẹn kúrò. Wọ́n ní kóró méjì sàn ju ọ̀kan lọ; miligíráàmù 50 ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ sildenafil, 25 fún ẹni tí ó ti lé ní ọdún 65, 100 sì ni òpin rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré lóòjọ́. Wọ́n ń fi nǹkan tí ó le fún wákàtí mẹ́rin tí kò rọ̀ ṣe fáàrí, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni, tí ó lè ba nǹkan náà jẹ́ títí láé.

Iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé nǹkan ọmọkùnrin tún kéré sí ti ọkàn, èyí ni wọ́n fi gbà pé ó lè tètè dí ṣáájú rẹ̀, tí àìle fi lè jẹ́ àmì àrùn ọkàn tí ń bọ̀ ní ọdún mélòó kan. Ẹni tí ó fi kóró gáréèjì bo àmì yìí mọ́lẹ̀ ti lé oníṣẹ́ tí wọ́n rán sí i padà.

Ohun tí ó yẹ kí ẹni tí agbára rẹ̀ ń dínkù ṣe kò ṣòro: kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà rẹ̀, kí ó ka gbogbo oògùn tí ó ń lò fún dókítà, àgbo pẹ̀lú, kí ó sì fi ìwé tí dókítà bá kọ ra èyí tí ó ní nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tí ń ṣàmójútó oògùn ní Nàìjíríà, lọ́wọ́ apòògùn. Ẹni tí ó bá sì ti lo oògùn ọkùnrin, ìbáà jẹ́ ti kẹ́mísì tàbí ti inú ìgò, tí àyà wá ń ro ó, kí ó má ṣe fi ohunkóhun sábẹ́ ahọ́n, kí ó gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀, kí ó sì sọ ohun tí ó lò àti wákàtí tí ó lò ó fún ẹni àkọ́kọ́ tí ó bá dá a lóhùn níbẹ̀. Kí ojú má tì í. Àwọn nọ́ọ̀sì ti gbọ́ ohun tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.