Ìdánwò Tí Kò Dé Ọjà New Benin

Àwọn kan wà tí wọ́n ń kan sáárá sí ìdánwò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí a fi ń wádìí ìmọ̀ ènìyàn nípa ààbò lórí kẹ́míkà. Wọ́n ní ó yá, wọ́n ní kò sí ojúsàájú nínú rẹ̀: kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ti kọ̀ǹpútà, kí ó mú ọ̀kan nínú ìdáhùn mẹ́rin, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ṣírò máàkì, kí ìwé ẹ̀rí sì jáde kí omi tó hó lórí iná.

Kò sí ẹni tí yóò bá wọn jiyàn pé ẹ̀rọ yá ju ọwọ́ lọ. JAMB pàápàá ti sọ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà di ọ̀ranyàn láti ọdún 2015, ayé kò sì tìtorí rẹ̀ parẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ìdáhùn lè fọ́jú mú ọ̀kan nínú mẹ́rin, kí ó sì yege. Májèlé kì í to ìdáhùn mẹ́rin kalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Èyí tí ó tún burú jù ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni a sábà máa ń fi ṣe ìdánwò náà.

Ta wá ni ó ń dán wò? Ẹ gba ọjà New Benin kọjá ní ìlú Bìní. Edo, Esan, Urhobo, Igbo àti Yorùbá ni ó ń ná an. Ẹni tí ń rọ kẹrosíìnì tàbí ota-piapia sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní irú ọjà bẹ́ẹ̀ kò wá ìwé ẹ̀rí kankan. Ọwọ́ òun gan-an ni ó ń kan oró lójoojúmọ́, òun náà sì ni ẹnikẹ́ni kò bi ní ìbéèrè. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fi òfin de títa ìgò Sniper kékeré oní-mílílítà 100 ní gbangba ọjà. Òfin náà dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́.

Ẹni tí ó bá rò pé àsọdùn ni èyí, kí ó rántí Koko. Ìlú etí odò ni, abẹ́ ìpínlẹ̀ Delta ni ó wà lónìí, ṣùgbọ́n nígbà náà abẹ́ Bendel ni, Bìní sì ni olú ìlú Bendel. Ní ọdún 1988 ni àṣírí tú pé àwọn oníṣòwò kan ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá pàǹtí olóró wá láti Ítálì, tí wọ́n tò ó jọ sí àgbàlá onílé kan tí wọ́n ń san owó táṣẹ́rẹ́ fún. Àwọn ará ibẹ̀ kan da ohun tí ó wà nínú àgbá nù, wọ́n sì sọ àgbá di ohun ìpọnmi. Ìjọba ṣe Òfin 42 lọ́dún náà, ọkọ̀ òkun Karin B sì wà lára àwọn tí ó kó pàǹtí náà lọ. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà tí wọ́n ti yege ìdánwò kò wọ́n ní Nàìjíríà nígbà náà. Oyè wọn kò dáàbò bo ẹyọ àgbá omi kan ní Koko.

Àwọn kan yóò ní èdè Yorùbá kò lè gbé irú ìmọ̀ yìí. Irọ́ gbáà ni! Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn lẹ́gbẹ́ àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́.

Nítorí náà, kí ìdánwò náà dé ìdí àtẹ, kí ó jẹ́ ti ẹnu àti ti ọwọ́: Edo fún Edo, Yorùbá fún Yorùbá. Kí a na ìgò kẹrosíìnì sí òǹtajà, kí a bi í pé: bí ọmọ bá gbé èyí mu, kí ni ẹ ó ṣe? Epo pupa tí ọ̀pọ̀ ìyá máa ń sáré rọ sí ọmọ lẹ́nu lè mú un bì, kẹrosíìnì sì lè gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹni tí ó bá dáhùn pé epo pupa ni ti fìdí rẹmi, ìbáà gba ọgọ́rùn-ún lórí kọ̀ǹpútà.