Ohun Tó Le Gan-an Ló Yẹ Ká Máa Sọ Ní Yorùbá



Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ń sọ pé àlọ́, òwe àti oríkì ni ìwé ìròyìn yìí wà fún, pé ká fi sáyẹ́ǹsì sílẹ̀ fún kíláàsì. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan ṣe àpẹẹrẹ: àpótí tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ quantum mechanics ní yunifásítì. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ka físíìsì ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nígbà họ́lídè.

Ká ní àpótí kan wà tí nǹkan kan ò lè gba ara ògiri rẹ̀ jáde. A fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan sínú rẹ̀. Ẹlòmíì á ní ó dà bí adìẹ tí a dé mọ́ inú àgò, tó ń lọ síwájú-sẹ́yìn, tó sì lè jókòó tó bá rẹ̀ ẹ́. Àpèjúwe yẹn ò bá a mu, torí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú àpótí yìí kì í sinmi láéláé.

Okùn tí a fi ń fò ló bá a mu. Ní 1924, Louis de Broglie, ará Faransé, sọ pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ní ìwà ìgbì. Ní 1926, Erwin Schrödinger, ará Austria, gbé ìṣirò ìgbì náà jáde. Ẹ ní kí ẹni méjì di etí okùn mú, kí wọ́n máa jù ú. Tí wọ́n bá ń jù ú jẹ́jẹ́, okùn á yọ ikùn kan. Tí wọ́n bá yára sí i, á di méjì, lẹ́yìn náà mẹ́ta. Ẹ ò ní rí ikùn kan àbọ̀ láé, torí wọ́n ti di etí okùn mú. Ọwọ́ wọn yẹn ni ògiri àpótí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbì ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ di òdo lára ògiri. Ìdí nìyẹn tí agbára rẹ̀ fi dà bí àtẹ̀gùn. Iye ikùn lọ́nà iye ikùn ni: tí ìpele kìíní bá jẹ́ 1, ìkejì á jẹ́ 4, ìkẹta 9. Kò sí 2, kò sí 3. Kò sí òdo náà, torí tí ikùn ò bá sí, ìgbì ò sí nìyẹn. Tí a bá sì dín gígùn àpótí kù sí ìdajì, gbogbo agbára yẹn á di ìlọ́po mẹ́rin.

Kì í ṣe eré lásán o. Ní 2023, Moungi Bawendi, Louis Brus àti Alexei Ekimov gba ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísìrì lórí quantum dots, èérún kéékèèké tó di àpótí fún ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Èyí tó kéré jù ń tan ìmọ́lẹ̀ búlúù, èyí tó tóbi díẹ̀ ń tan pupa. Wọ́n ń lò ó nínú tẹlifíṣọ̀n.

Ní Gẹ̀ẹ́sì, mo lè há gbólóhùn kan sórí kí n sì gba máàkì. Ní Yorùbá, kò sẹ́ni tó ti to gbólóhùn náà sílẹ̀ dè mí. Ó gbọ́dọ̀ yé mi kí n tó lè sọ ọ́.

Ẹlòmíì á ní Gẹ̀ẹ́sì ni WAEC fi ń béèrè. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ti yéèyàn ò ṣòroó túmọ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, títí kan sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Àwọn ọmọ náà ò kẹ́yìn sí ẹgbẹ́ wọn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ní Òkè Ọya tí a wà yìí, inú ẹgbẹ́ yìí nìkan ni ọ̀pọ̀ wa ti ń sọ Yorùbá títí ilé-ìwé á fi gba họ́lídè. Tó bá jẹ́ òwe nìkan la ń fi pa, á dà bí aṣọ tó jẹ́ pé Iléyá àti Kérésì nìkan là ń wọ̀ ọ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ fún wa ní ojú ìwé kan ṣoṣo fún sáyẹ́ǹsì ní táàmù kọ̀ọ̀kan. Kí olùkọ́ físíìsì yẹ ìmọ̀ inú rẹ̀ wò, kí olùkọ́ Yorùbá yẹ èdè rẹ̀ wò. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ á kọ ìyókù.