Ó Yẹ Kí Ẹni Tí Ń Gba Aláàbọ̀ Ara Nímọ̀ràn Mọ Ọjà Iṣẹ́

Ní èrò tèmi, ó yẹ kí a kọ́ àwọn tí ń gba aláàbọ̀ ara nímọ̀ràn bí a ti ń wádìí iṣẹ́ tí ó wà nílùú. Òfin tí Ààrẹ Nàìjíríà fọwọ́ sí ní ọdún 2019 fẹ́ kí ènìyàn 5, ó kéré tán, nínú òṣìṣẹ́ 100 ní iléeṣẹ́ ìjọba jẹ́ aláàbọ̀ ara, bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò lè wá iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí a bá kọ́ afọ́jú ní agbọ̀n híhun ní ìlú tí ike ti gba ọjà lọ́wọ́ agbọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ yóò mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ebi yóò máa pa á. Kí olùdámọ̀ràn kọ́kọ́ bi àwọn agbanisíṣẹ́ léèrè irú òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń wá. Ẹni tí ó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.